Iṣẹ́ Mi Ni Láti Mọ Ẹni Tí Kò Ní

Bàbá Akínbọ̀dé, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn ọkùnrin tó ṣí páànù orí ilé ara rẹ̀ fún mi. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ọ́fíìsì ni. Mo rò pé yóò fi tábìlì tí màá máa lò hàn mí, ṣùgbọ́n ó ní kí n jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

Ó ní nígbà tí Àpò Ìrànwọ́ Ọmọléèwé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ore, òfin kan wà pé ọmọ tí páànù bá wà lórí ilé bàbá rẹ̀ kò lè gba owó náà, nítorí ọmọ ẹni tí kò ní lọ́wọ́ ni àwọn tó dá Àpò náà sílẹ̀ fẹ́ ràn lọ́wọ́. Oníṣòwò kòkó kan wà ní Odigbo tó fẹ́ràn ohun ọ̀fẹ́. Àna rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì wa, ìyẹn ló ta á lólobó pé àwọn tó ń yẹ ilé wò ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ó pe káfíńtà, ó ní kí wọ́n ṣí gbogbo páànù kúrò, kí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bo ilé. Ilé náà tóbi, imọ̀ ọ̀pẹ kò kárí rẹ̀, òjò sì dé kí káfíńtà tó sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ ọ́fíìsì náà tún wá bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ bàbá yìí. Wọ́n bá a lábẹ́ agboòrùn nínú pálọ̀ ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì, rédíò, àpò kòkó tó kó pamọ́ sí yàrá, gbogbo rẹ̀ ló ti rin gbingbin. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò mí, ṣé ẹ rí i pé n kò ní nǹkan kan?"

Bàbá Akínbọ̀dé ní òun yẹ àwọn àpò kòkó náà wò, òun sì dá a lóhùn pé, "Ó ti rí bẹ́ẹ̀ báyìí, bàbá."

Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́ tán. Ó ní ìdí tí òun fi sọ ọ́ fún mi ni pé òfin tí àwa bá kọ, àwọn ará ìlú ń kà á ju àwa lọ. Ó ní, "Iṣẹ́ rẹ ni láti mọ ẹni tí kò ní. Ẹni tó ní yóò sì máa bá ọ ṣe é kí o lè ṣì í ṣe."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ìtàn bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Mo parí girama, ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, wọ́n ń wá akọ̀wé, wọ́n sì gbà mí. Owó oṣù náà tó jẹun, kò tó ṣe fáàrí. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lẹ́yìn gáréèjì Ore ni ọ́fíìsì wa wà. Ariwo àwọn tó ń pe èrò kò jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ara rẹ̀. Ọ̀gá mi á máa ka òfin sókè kí gbogbo wa lè gbọ́, á bẹ̀rẹ̀ pé "akẹ́kọ̀ọ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ," gáréèjì á sì bá a parí rẹ̀ pé "Benin, ó ku ẹnì kan." Iṣẹ́ wa ni pé lọ́dọọdún, kí ìgbìmọ̀ tó pín owó, a óò tún òfin wò: èwo ló ń ṣèdíwọ́ fún ọmọ tó yẹ, èwo ló ń ṣílẹ̀kùn fún ọmọ tí kò yẹ. A óò wá lọ sílé àwọn tó tọrọ owó, kí a lè mọ̀ bóyá òfin wa bá ayé mu.

Nígbà mìíràn kì í bá a mu rárá. Òfin kan wà tó ní kí a béèrè lọ́wọ́ bàbá ọmọ pé èló ló ń wọlé fún un lóṣù. Mo bi àgbẹ̀ kan ní ojú ọ̀nà Odigbo. Ó wò mí tàánútàánú, ó ní, "Oṣù wo?" Mo ní oṣù kan ṣá. Ó ní èwo nínú wọn, ṣé oṣù tí wọ́n ń ra kòkó ni, àbí àwọn oṣù tí òun náà ń yá owó jẹ? Ó ní tí mo bá wá ní àkókò kòkó, olówó lòun. Tí mo bá padà wá nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kí n bá òun mú nǹkan dání. Ọdún púpọ̀ ni ìgbìmọ̀ wa fi jiyàn kí wọ́n tó gbà pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni oṣù àgbẹ̀.

Bàbá Akínbọ̀dé le. Má-jẹ-má-mu ni wọ́n ń pè é láti Odigbo dé Agbabu, nítorí kì í fọwọ́ kan oúnjẹ tàbí omi nílé tó bá lọ yẹ̀ wò. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilẹ̀ Ìkálẹ̀ mọ̀ pé èyí kì í ṣe ohun kékeré. Obìnrin ilé á kọ́kọ́ bẹ̀ ọ́, á bínú, á wá béèrè ohun tí òun ṣe fún ọ. Lọ́jọ́ kan ní Agbabu, obìnrin kan gbé pupuru kalẹ̀ fún wa, ó gbé ọbẹ̀ marúgbó tì í, ẹja gbígbẹ sì ń yọrí nínú rẹ̀. Orí alùpùpù ni mo wà láti òwúrọ̀. Mo ti ń na ọwọ́ nígbà tí ọ̀gá mi sọ fún obìnrin náà pé inú ń run mí, pé dókítà ní n kò gbọdọ̀ jẹun níta. Àánú mi ṣe obìnrin náà débi pé ó sáré wọlé, ó bu àgbo inú rírun wá, ife ńlá kan. Mo wo ojú ọ̀gá mi. Ó ní àgbo kì í ṣe oúnjẹ. Mo mu ún tán, bó ṣe korò tó, òórùn ọbẹ̀ yẹn sì ń fẹ́ sí mi nímú.

Kì í sọ ibi tí à ń lọ fún ẹnikẹ́ni láàárọ̀, títí kan èmi tí mo ń wa alùpùpù. Tí a bá dé oríta ló ń fi ọwọ́ júwe. Kì í sì gba iwájú wọlé. Ó ní pálọ̀, nítorí àlejò ni wọ́n ṣe ń tún un ṣe, ẹ̀yìnkùlé ni kí n máa wò. Tí a bá kúrò níbẹ̀, ó di dandan kó bi mí pé, "Kí lo rí?" Tí mo bá ní mo rí tálákà, á ní kí n sọ̀ kalẹ̀, kí n máa ti alùpùpù náà lọ nínú yanrìn. "N kò ní kí o dá wọn lẹ́jọ́," á sọ bẹ́ẹ̀, "mo ní kí lo rí." Ìgbà náà ni mo kọ́ bí a ti ń sọ pé mo rí ìkòkò tí wọ́n fi pákó dé, mo rí yunifọ́ọ̀mù kan ṣoṣo tí wọ́n fọ̀ sá sórí okùn, ọmọ tó ni ín sì wọ aṣọ ìyá rẹ̀ jókòó sí ìdí rẹ̀, ó ń dúró kó gbẹ.

Nígbà tí ọ̀gá mi fẹ̀yìn tì, ayé ti ń yí padà. Tàpúrétà lọ, kọ̀ǹpútà dé. Kọ̀ǹpútà kò tíì pẹ́ nílé tí fóònù ńlá fẹlẹfẹlẹ kan fi tẹ̀ lé e, tí wọ́n kó gbogbo òfin wa sínú rẹ̀. Ṣéún ni orúkọ ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n gbà pé kó máa gbé e dání. Orí rẹ̀ pé, ó lẹ́rìn-ín lẹ́nu, kò sì fi ìmọ̀ rẹ̀ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Òun á ya fọ́tò pálọ̀, á fi ìka tẹ ohun tó bá rí níbẹ̀: àga onítìmùtìmù, fáànù, aago ara ògiri. Á béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ olórí ẹbí. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò wá sọ bóyá ọmọ yẹ tàbí kò yẹ.

Ìgbìmọ̀ tún ní kí á má ṣe já wọ ẹ̀yìnkùlé ẹlẹ́yìnkùlé mọ́, pé ìwà àìmọ̀wàáhù ni. N kò lè jiyàn, òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọ́n ní kí a máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ ṣáájú, kí àwọn onílé lè mọ̀ pé à ń bọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Ajue ti bẹ̀rẹ̀.

Opó kan wà ní Ajue tí wọ́n ń pè ní Ìyá Morẹ́nikẹ́. Epo pupa ló ń bá àwọn ènìyàn fún, wọ́n á sì bu díẹ̀ nínú rẹ̀ fún un. Morẹ́nikẹ́ ọmọ rẹ̀ ti wọlé sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Tí wọn kò bá sanwó kí Ọjọ́ Ẹtì kan tó kọjá, wọ́n á fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àpò wa ni gbogbo ìrètí wọn.

Àtẹ̀jíṣẹ́ wa dé orí fóònù Morẹ́nikẹ́: àwọn òṣìṣẹ́ wa ń bọ̀ wá wo ilé yín àti ẹbí yín. Ó kà á fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ lọ sọ fún Bàbá Ọmọ́táyọ̀, olórí agboolé wọn, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó kú. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí ní ọ̀dọ̀ wa. Tí àjèjì bá ń bọ̀ wá wo ilé nítorí ọmọbìnrin, a mọ bí a ti í múra. Ẹbí ọkọ kò gbọdọ̀ rí ihò nínú ẹní wa. Wọ́n ṣàlàyé fún Bàbá Ọmọ́táyọ̀ pé ọ̀rọ̀ iléèwé ni. Ó ní ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀. Yálà ọkọ ni o, yálà iléèwé ni o, àlejò kò ní wá wo ọmọ Ajue kó padà lọ ròyìn pé orí ìkòkò ni ìyá rẹ̀ jókòó sí fún àìsí àga.

Gbogbo agboolé bá dìde. Nígbà tí èmi àti Ṣéún dé, a bá pálọ̀ tó kún fọ́fọ́. Àga onítìmùtìmù pupa kan wà níbẹ̀, aláwọ̀ ewé kan wà, ẹ̀kẹta ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í láti ilé ìtajà. Fọ́tò ìgbéyàwó ńlá kan wà lára ògiri, ọkọ àti ìyàwó inú rẹ̀ kò sì jọ ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ṣéún súnmọ́ mi, ó ní, "Sà, ẹ wo fáànù yẹn. Òpó iná ò tíì dé apá ibí." Mo wò ó. Wọ́n ti rọra ti okùn rẹ̀ bọ abẹ́ ẹní. Mo ní kó kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ pé kò sí iná. Ó wá a títí, ó ní ẹ̀rọ kò béèrè iná, fáànù nìkan ló béèrè.

Orí àga tó sanra jù ni Bàbá Ọmọ́táyọ̀ jókòó sí. Òun ló ni ín. Ó yá wọn, ṣùgbọ́n ó ní ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fi ìdí kàn án, nítorí náà òun àti àga ni wọ́n jọ wá. Ṣéún béèrè olórí ẹbí. Ó ní òun ni, òótọ́ sì ni. Ó béèrè bóyá oko kòkó wà. Bàbá ní ó wà. Ọ̀pẹ ńkọ́? Ó ní ta ló lè kà á. Ilé mìíràn ńkọ́? Ó ní ọ̀kan wà ní Ore, pé àwọn ayálégbé inú rẹ̀ ń yọ òun lẹ́nu. Kò purọ́ kan ṣoṣo. Ṣéún ń tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ìyá Morẹ́nikẹ́ dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo ilẹ̀. Mo kọjú sí i, mo ní, "Ìyá, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?"

Ó wo Bàbá Ọmọ́táyọ̀. Báwo ni ìyàwó ilé ṣe fẹ́ já àgbà nírọ́ lójú àlejò? Ó ní, "Bí Bàbá ṣe wí ni, sà."

Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé oúnjẹ dé, odindi adìẹ kan. Má-jẹ-má-mu kò sí níbẹ̀ mọ́, mo jẹun. Nígbà tí à ń padà lọ, Ṣéún bi mí bóyá àyè adìẹ wà nínú òfin. Mo ní kò sí. Ó ní kí a dúpẹ́ ìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀rọ dájọ́, ó sì fi èsì ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó kọ èsì yẹn sínú rẹ̀ fẹ́ kó dùn létí ni, ó ní: ẹ kú oríire, ẹbí yín kò sí lára àwọn tí kò ní. Mo gbọ́ pé nígbà tí wọ́n kà á ní Ajue, ijó ni wọ́n kọ́kọ́ jó. Bàbá Ọmọ́táyọ̀ ní ṣé wọ́n rí i báyìí, ọmọ òun ti yege. Ìgbà tí Morẹ́nikẹ́ bú sẹ́kún ni wọ́n tó bi í léèrè ohun tí èsì náà túmọ̀ sí.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n dá ni Bàbá Ọmọ́táyọ̀ àti Ìyá Morẹ́nikẹ́ gun ọ̀kadà dé Ore. Oríire wọn ni pé ìgbìmọ̀ wà ní ìjókòó lọ́jọ́ náà, wọ́n ń tún òfin ọdún tó ń bọ̀ wò. Alájì kan tó ní ọkọ̀ akérò ní gáréèjì ni alága wọn, ọkùnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Mo ṣàlàyé ohun tí èmi àti Ṣéún rí. Alájì ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ olórí ẹbí ló wà nínú ẹ̀rọ. Tí olórí ẹbí bá sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, tàbí tí ìyá ọmọ bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò ní, wọ́n á yí i padà lójú ẹsẹ̀.

"N kò purọ́ fún yín," Bàbá Ọmọ́táyọ̀ wí. "Kòkó wà, ọ̀pẹ wà."

"Ti ta ni, Bàbá?"

"Tèmi ni."

"Ó dáa. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa sanwó iléèwé ọmọ náà?"

Bàbá bojú wo gáréèjì láti ojú fèrèsé. Ó ní, "Àwọn tí mo bí ṣì wà níléèwé, Alájì. Ẹ̀yin náà mọ bí ọjà ṣe rí."

Alájì kọjú sí Ìyá Morẹ́nikẹ́. Bàbá bá na ọwọ́ sókè. Ó ní kí wọ́n má ṣe dán an wò. Ìyàwó àbúrò òun kò ní dúró láàárín gáréèjì Ore kó sọ fún àjèjì pé òun kò ní, bí ẹni pé kò ní ẹbí. Ó ní kí ni wọ́n fẹ́ kí òun lọ sọ fún òkú àbúrò òun.

Ọ̀rọ̀ wá há. Tí obìnrin yìí bá sọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́, ó ti dójú ti àgbà rẹ̀ àti gbogbo agboolé tó yá a ní nǹkan. Tí kò bá sọ ọ́, tó bá di ọjọ́ kejì, àyè Morẹ́nikẹ́ ti lọ. 

Ìyá Morẹ́nikẹ́ bá kúnlẹ̀. Iwájú Bàbá Ọmọ́táyọ̀ ló kúnlẹ̀ sí, kì í ṣe iwájú Alájì.

Ó ní, "Bàbá, n kò tíì rí àyè dúpẹ́ lọ́wọ́ yín láti ọjọ́ tí àlejò wá. Ẹ ṣeun fún àga pupa yín tí ẹ yá mi. Ẹ bá mi kí ìyá ìjọ fún àga aláwọ̀ ewé. Ẹ bá mi kí Ọmọ́táyọ̀ fún èyí tó wà nínú ọ̀rá, tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì jókòó sí. Pásítọ̀ ló ni fáànù, Ọlọ́run yóò bá mi san án fún un."

Ojú Bàbá tàn. Ó ní, "Kò tọ́pẹ́."

Ó ní, "Aago ara ògiri, ti tíṣà ni. Fọ́tò ìgbéyàwó, ti àwọn aládùúgbò ni. Abọ́ tí àlejò fi jẹun, ti ìyàwó yín àgbà ni."

"O gbàgbé aṣọ fèrèsé," Bàbá wí. "Ìyàwó mi kékeré ló ni ín."

"Ẹ ṣeun, sà. Mo gbàgbé. Aṣọ fèrèsé náà."

"Adìẹ ńkọ́?"

"Adìẹ náà, sà. Ẹ̀yin lẹ fún mi."

Bàbá yí padà sí Ṣéún, ó ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀ o. Èmi ni mo ni adìẹ."

Alájì ti ṣí fìlà rẹ̀. Ó rọra sọ fún Ṣéún pé kó máa yọ wọ́n kúrò bí ìyá yẹn ṣe ń dúpẹ́. Mo ń wo ojú ẹ̀rọ láti ẹ̀yìn Ṣéún. Àga jáde, fáànù jáde, aago jáde. Bàbá fúnra rẹ̀ tún rántí ẹní, ó ní òun ló ra ìyẹn náà lọ́jọ́ ìsìnkú àbúrò òun. Nígbà tí ọpẹ́ parí, kò sí ohun tó kù nínú pálọ̀ yẹn ju obìnrin kan àti ọmọ rẹ̀ lọ. Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun kò ní. Bàbá Ọmọ́táyọ̀ jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè.

Alájì fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Wọ́n sanwó náà kí Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Morẹ́nikẹ́ ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀ báyìí, mo gbọ́ pé ó ti ń gún ènìyàn lábẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni ìgbìmọ̀ yí òfin padà. Ìbéèrè tuntun wọ inú ẹ̀rọ, Ṣéún ló kọ ọ́: nínú ohun tó wà nílé yín, ta ni ẹ fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Inú àwọn ènìyàn dùn sí i jọjọ. Opó á kọ ọ́ gùn títí, á ní kí a bá òun kí lágbájá fún tábìlì, kí a bá òun kí tàmẹ̀dò fún àtùpà. Olówó kan láti ojú ọ̀nà Odigbo, tó tọrọ owó fún ọmọ rẹ̀ bákan náà, kọ ọ̀rọ̀ méjì péré: Ọlọ́run nìkan. Ẹ̀rọ sì mọ ohun tó fẹ́ fi ìyẹn ṣe.

Èmi ti fẹ̀yìn tì báyìí. Àwọn ọmọ tó bá wá kí mi máa ń bi mí bóyá iṣẹ́ yìí dára, bóyá àwọn náà lè ṣe é. Mo ní ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ pálọ̀ ara rẹ̀ wò. Ìwọ tó ń gbọ́ mi yìí, tí wọ́n bá ní kí o kúnlẹ̀ lónìí kí o dúpẹ́ gbogbo ohun tó yí ọ ká lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kí ni yóò kù nílé rẹ nígbà tí o bá fi máa dìde?